Ọkọ̀ Títì Kì í Ṣe Àtúnṣe

Ìlú olókùúta ni Abẹ́òkúta, òkè sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, irú Peugeot 504 tí ilé iṣẹ́ Kàdúná tí ó ṣí ní 1975 tò jáde, a máa gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lálẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá dáhùn lówùúrọ̀, wọn a tì í, yóò sì dáhùn. Ọgbọ́n ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe.

Àìsàn tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ṣòro jù láti wò. Bí ọkọ̀ náà bá dé ọ̀dọ̀ mọkálíìkì, kíá ni yóò dáhùn. Ni wọn yóò bá ra bátìrì lónìí, wọn yóò pààrọ̀ sítátà lọ́la. Owó tán, àrùn kò lọ.

Ó sàn kí a yẹ ọkọ̀ wò ní àkókò tí ó kọ̀ gan-an. Kí a tan iná iwájú, kí a sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣú, bátìrì tàbí wáyà orí rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí iná bá mọ́lẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò mì, ó di ti sítátà tàbí wáyà rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí láìdáhùn, kí a wo epo àti púlọ́ọ̀gì. Títì pàápàá ní ẹ̀kọ́ nínú: ọkọ̀ tí ó dáhùn bí a ti tì í sábà máa ń ní epo àti iná tí ó péye.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lóru, tí aláìsàn wà nínú rẹ̀, ta ni yóò tì í? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.