Ẹja Aláwọ̀ Mèremère: Ìran Rẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Bèèrè

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn gbé àpótí gíláàsì kalẹ̀ sí pálọ̀, kí ó kó ẹja sínú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè máa rí ohun ẹlẹ́wà nígbà tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun tí ó burú ni pé àwọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ olùrà ń wò. Wọn a mú aláwọ̀ ìyeyè kan, wọn a mú aláró kan, wọn a da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí oṣù tó parí, òkú ẹja ni wọ́n ń fi àwọ̀n kó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja wọ̀nyí jẹ́ ara ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní síkílíìdì. Ìdílé náà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ Yorùbá, nítorí epìyà inú ọbẹ̀ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Àwọn tí à ń pè ní mbuna, láti adágún Malawi, àárín àpáta ni wọ́n ń gbé. Omi wọn kì í kan, ewéko wẹ́wẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Ẹni tí ó bá ń fi ẹran bọ́ wọn ń wá àìsàn ikùn wíwú fún wọn.

Dídá wọn mọ̀ pàápàá ṣòro. Melanochromis auratus a máa jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè onílà dúdú nígbà èwe. Bí akọ bá dàgbà, ara rẹ̀ a ṣókùnkùn, olówó rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹja òun. Abo a máa gbé ẹyin sẹ́nu fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjẹun, àwọn kan a sì rò pé àìsàn ni. Bí ẹ̀yà méjì bá sì gun ara wọn, ọmọ tí wọn yóò bí kò ní ní orúkọ kan pàtó, síbẹ̀ a ó tà á fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò ni wọ́n ń wá lọ sí Ṣókótó. Gúúsù Nàìjíríà níbí ni orísun Pelvicachromis pulcher, tí Boulenger fún ní orúkọ ìmọ̀ ní ọdún 1901. Kò tóbi ju nǹkan bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Bí àkókò ẹyin bá tó, ikùn abo a pọ́n bí osùn. Ìkòkò fífọ́ kan tó o láti yé sí, àti akọ àti abo ni wọ́n sì jọ ń ṣọ́ ọmọ.

Ẹni tí ń gbé Jọ́ọ̀sì tàbí Kàdúná ní láti ro ti ọyẹ́ pẹ̀lú. Omi tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ jẹ́ 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni ó bá ẹja wọ̀nyí lára mu. Bí iná ọba bá lọ lóru, ẹ̀rọ amúgbóná yóò dákẹ́, èyí tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi yóò dákẹ́ pẹ̀lú. Àpótí tí ẹja há mọ́ra nínú rẹ̀ ni ikú ń kọ́kọ́ wọ̀. Ẹja díẹ̀ nínú omi púpọ̀ sàn jù.

Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé, bí ẹja bá sú wọn, odò tí ó wà nítòsí ni wọ́n ń dà á sí. Wọ́n lè rò pé àánú ni, ṣùgbọ́n ẹja Malawi lè kó àrùn ran ẹja odò náà, ó sì lè jẹ ẹyin wọn. Ọwọ́ ẹni tí ó tà á ni kí wọ́n dá a padà sí.