Sukúrúù Tí Kò Yẹ Ká Fọwọ́ Kàn

Nínú àwọn ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti lò láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, díẹ̀ ló pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó M35. Iléeṣẹ́ REO ní ìlú Lansing, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ló kọ́kọ́ ṣe é jáde ní 1950. Tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ni wọ́n ní kó máa gbé bó bá kúrò lójú títì wọ inú ẹrẹ̀, iye yìí náà ló sì di orúkọ tí àwọn ọmọ ogun ń pè é, Deuce and a Half. Ó gbé ọta àti oúnjẹ káàkiri Vietnam, ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ wà á ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìjọba kò nílò rẹ̀ mọ́, wọ́n tà á ní gbàǹjo, ó wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn agégẹdú, àwọn panápaná ìgbèríko àti àwọn tó kàn fẹ́ràn irin àtijọ́. Ohun tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù láàárín àwọn tó ni ín ni ọ̀rọ̀ epo: kí ni kéèyàn tún ṣe, kí ni kó yí padà, kí ni kó fi sílẹ̀ bó ṣe bá a? Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó parí ìjà náà. Kí ló yí padà, ṣé epo ni àbí ọkàn ẹni tó ni ọkọ̀? Bó bá jẹ́ epo ló yí padà, kí ọkọ̀ náà yí tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ pé agbára tí wọn kò dá mọ́ ọn ni onímọ́tò ń wá, kó yáa mú ọwọ́ kúrò.

Èyí kò ní yéni bí a kò bá mọ ohun tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn. LDT-465 ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì M35A2, irú M35 tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Sìlíńdà mẹ́fà ló ní, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ lítà 7.8. Continental ló ṣe é fún àwọn ológun, ṣùgbọ́n Jámánì ni ọgbọ́n inú rẹ̀ ti wá, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ MAN, níbi tí onímọ̀ ẹ̀rọ Siegfried Meurer ti gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yòókù ń fọ́n epo sáàárín afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ti Meurer ń fọ́n èyí tó pọ̀ jù lára epo náà sára ògiri ihò róbótó kan tí wọ́n gbẹ́ sórí písítìnì, kó lè máa di ooru díẹ̀díẹ̀ kó tó gbiná. Epo tí kò tètè gbiná kò ní da nǹkan rú níbẹ̀. Nítorí èyí, àti nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà ń ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ di ìdá kan nínú 22, dísẹ́ẹ̀lì ni o, kẹrosíìnì ni o, epo bàálù ni o, kódà bẹntiróòlù bí ọ̀nà mìíràn kò bá sí, gbogbo rẹ̀ ló lè jó. Ọmọ ogun tí ọ̀tá yí ká kì í ṣa epo. Bá a gúnyán nínú odó, bá a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé epo fífúyẹ́ kò lágbára tó epo wúwo bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Ni wọ́n bá so ohun kékeré kan mọ́ pọ́ǹpù ínjẹ́kítọ̀, èyí tí mo máa pè ní adíwọ̀n epo níhìn-ín. Bí epo tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ṣàn bí omi, á sún ààlà tí pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ rékọjá síwájú díẹ̀, kí epo tó ń wọlé lè pọ̀ sí i. Bí epo bá ki, á fà á padà. Agbára ọkọ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀, ohun yòówù kí wọ́n rọ sínú táǹkì.

Bí ọkọ̀ yìí bá kọ̀ tí kò jẹ́, tàbí tó ń kú lórí òkè, pọ́ǹpù ínjẹ́kítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fẹ̀sùn kàn, torí òun ló wọ́n jù, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí awo. Ẹ̀bi ẹlẹ́bi ló sábà máa ń rù. Táǹkì ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Inú táǹkì gálọ́ọ̀nù 50 náà ni pọ́ǹpù oníná kan wà tó ń ti epo síwájú. Pọ́ǹpù kejì, tó lẹ̀ mọ́ ti ínjẹ́kítọ̀, ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ti inú táǹkì bá kú, ọkọ̀ ṣì lè máa rìn, torí èkejì á máa fa epo fúnra rẹ̀, onímọ́tò kò sì ní fura. Àmọ́ ohun ńlá ti ṣẹlẹ̀ nínú páìpù: ibi tí wọ́n ti ń ti epo tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ihò kékeré tí ì bá máa kán epo sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i, á wá máa mu afẹ́fẹ́ wọlé láìsí àmì kankan nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa sáré, á máa rọlẹ̀, á di kó tó jẹ́ láàárọ̀ kí bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, wọn á sì lọ tú pọ́ǹpù olówó ńlá tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn mẹkáníìkì wa nílé mọ ọgbọ́n tó bá irú èyí mu. Wọ́n á gbé jẹ́ẹ́rìkánì epo mímọ́ ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n á fi ọ́ọ̀sì so ó tààrà mọ́ pọ́ǹpù. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tí kò sì kú mọ́, a jẹ́ pé láàárín táǹkì sí ibẹ̀ ni àrùn wà. Ọgbọ́n àyẹ̀wò gidi ni. Ìgbà tí jẹ́ẹ́rìkánì bá wá di táǹkì títí ayé ló di wèrè. Ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ pọ́ǹpù inú táǹkì, kó rántí pé fóòtì 24 ni iná ọkọ̀ yìí. Pọ́ǹpù fóòtì 12 tí wọ́n yọ lára mọ́tò ilé kò ní pẹ́ jóná níbẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń lọ yíká inú pọ́ǹpù ínjẹ́kítọ̀, nítorí náà bí òrùka rọ́bà inú pọ́ǹpù náà bá ti gbó, epo á máa jò sínú ọ́ìlì. Kéèyàn fa gééjì ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá ń lé sí i dípò kó máa dín, tó sì ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ yẹn ni pọ́ǹpù jẹ̀bi lóòótọ́.

Ó yẹ ká bi ara wa ìdí tí rọ́bà tó fara da ogójì ọdún fi ń já wa kulẹ̀ báyìí. Ọjọ́ orí wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n epo náà kì í ṣe epo àná mọ́. Imí-ọjọ́ pọ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí. Ní 1993, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí imí-ọjọ́ inú èyí tí mọ́tò ń lò lójú títì má ju ìdá 500 nínú mílíọ̀nù lọ. Láti 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀ sí 15. Èémí gbogbo ará ìlú dára sí i, kò sí ẹni tó lè bá wọn jà sí ìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé imí-ọjọ́ jáde ń lé àwọn èròjà mìíràn tẹ̀lé e: àwọn tó ń mú kí epo máa yọ̀ lára irin, àti àwọn tó ń mú kí rọ́bà wú. Rọ́bà àtijọ́ tó ti mu epo yó, tó wú dí ojú ibi tí wọ́n fi í sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì nígbà tí epo tuntun bá dé, jíjò á sì bẹ̀rẹ̀. Ní ti yíyọ̀, àwọn tó ń ṣòfin ìwọ̀n epo níbẹ̀ ti fi kún un láti 2005 pé dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ yọ̀ dé ìwọ̀n kan kó tó wọ ọjà, nítorí náà ìbẹ̀rù rẹ̀ kò tó bí àwọn tó ń ta òògùn inú ìgò ṣe ń pariwo. Rọ́bà lọ̀rọ̀ wà. Ó tún ku dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi òróró ewéko ṣe, èyí tí òfin gbà kí wọ́n pò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ dísẹ́ẹ̀lì láìkọ ọ́ sára pọ́ǹpù ilé epo. Ó ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ó sì ń fọ ìdọ̀tí ara táǹkì wá sínú fílítà. Ẹni tó bá wá yọ gbogbo òrùka rọ́bà àti ọ́ọ̀sì àtijọ́, tó fi irú ti Viton tí epo òde òní kò lè jẹ rọ́pò wọn, kò ba ọkọ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá yí fílítà àtijọ́ padà sí irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí mọ́ irin bíi ti ọ́ìlì, bí kò bá ti gbàgbé láti fi ojú ihò tí omi yóò máa gbà jáde sílẹ̀.

Adíwọ̀n epo ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tó wà lára pọ́ǹpù náà, òun wà lára àwọn tó ń jò jù, ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń ṣe ni pé wọ́n á gbé epo gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá, wọ́n á dá ààlà náà dúró sójú kan. Àwọn tó fẹ́ràn kí ohun àtijọ́ wà bó ṣe wà kì í fẹ́ gbọ́ èyí sétí. Wọ́n ní ọkọ̀ tó lè jó oríṣiríṣi epo tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọkọ̀ mìíràn. Mo gbà pé bó bá jẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló fẹ́ jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé igi, tó ń gbé omi lọ pa iná igbó, epo kan ṣoṣo ló ń mu láti oṣù dé oṣù. Kò sì mú ẹ̀bùn náà sọnù, torí ihò orí písítìnì lẹ̀bùn náà wà. Ohun tó pàdánù ni ọwọ́ tó ń bá a wọn epo fúnra rẹ̀. Àwọn ológun pàápàá ti jọ̀wọ́ èrò oríṣiríṣi epo yìí tipẹ́: ní 1988, wọ́n pàṣẹ pé kẹrosíìnì bàálù kan tí wọ́n ń pè ní JP-8 ni kí bàálù àti ọkọ̀ orí ilẹ̀ jọ máa lò. Ohun tó ń jò epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sí ọ̀wọ̀ tó yẹ ká máa bù fún un.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn atúnkọ̀ṣe kan nìyí, torí ìgbà tí wọ́n bá yọ ọwọ́ adíwọ̀n ni ìdánwò dé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí ààlà yóò wà, sukúrúù tó ń ṣètò rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà lófìfo, tí agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹṣin 130 lọ, tó jẹ́ pé gbogbo mọ́tò ló ń yà á sílẹ̀ lójú títì, ta ni kò ní wù kó fi kún un? Wọ́n á yí sukúrúù náà, ọkọ̀ á fò bí ọmọdé, èéfín dúdú á máa tú lẹ́nu sàlẹ́ńsà bíi ti ilé tó ń jó. Èéfín yẹn ni ẹ̀rí lòdì sí wọn. Epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán ni, tọ́bò tó wà lára ẹ́ńjìnnì yìí kò sì tóbi tó láti wá a fún un. Kí èéfín lè mọ́ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, kì í ṣe kí agbára lè pọ̀. Ooru tó kù á padà sórí písítìnì aláluminíọ̀mù, irin tó ń yọ́ ní 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn máa ń fi gééjì ooru sára ọ̀nà èéfín, wọ́n sì ní àwọn kò ní jẹ́ kó kọjá 1,200 lórí ìwọ̀n Fáránháìtì, èyí tó tó bíi 650 ní ti Sẹ́síọ̀sì. Gééjì náà dára, mo fẹ́ kó wà lára gbogbo wọn. Àmọ́ ooru nìkan ló mọ̀; kò mọ ìyà tó ń jẹ kọnróòdù. Ojú awakọ̀ tó kó ẹrù gun òkè sì máa ń wà lójú ọ̀nà ni, kì í sí lára gééjì.

Èsì tí wọ́n máa ń fọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí, LDS-465 tó wà nínú ọkọ̀ tọ́ọ̀nù márùn-ún, ń mú nǹkan bíi agbára ẹṣin 175 jáde látinú ìwọ̀n lítà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tọ́bò rẹ̀ tóbi ju tibí lọ, ètò epo rẹ̀ sì bá afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sí i mu. Kì í ṣe sukúrúù kan ló yà wọ́n. Ẹ tún wo ohun tí àwọn ológun ṣe nígbà tí àwọn náà fẹ́ kí ọkọ̀ yìí le sí i ní àwọn ọdún 1990: wọ́n gbé gbogbo ẹ́ńjìnnì náà kúrò, wọ́n fi ti Caterpillar àti jíà Allison tó ń yí fúnra rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì pe èyí ní M35A3. Àwọn tó ní gbogbo ìwé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́, tí wọ́n sì ní owó tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní, kò wá agbára lọ sẹ́nu sukúrúù yẹn.

Ẹ̀yà ojúkòkòrò kan náà ni ti àwọn tó ń po ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù mọ́ dísẹ́ẹ̀lì nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì yìí ń jó ohun gbogbo. Ó ń jó o lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun irin, eérú àti omi wà nínú ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, àárín irin tó ń wọn epo nínú pọ́ǹpù sì há débi pé irun orí kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Gálọ́ọ̀nù ọ̀fẹ́ mélòó ló máa ra pọ́ǹpù mìíràn, pàápàá nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣe tuntun rẹ̀ mọ́?

Ó ku àwọn tó ní owó àwọn làwọn fi ra ọkọ̀ ní gbàǹjo, ohun tó bá sì wu àwọn làwọn máa fi ṣe. N kò lè bá wọn jà lórí ohun ìní wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, ó sì tún máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí yóò bá páìpù tó gba ibi tí ìwé àwọn ológun kò sọ, tí kò ní mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ fílítà ti tó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n yí padà, ọjọ́ tí wọ́n yí i àti ibi tí wọ́n dá ààlà epo dúró sí síbẹ̀. Àwọn páìpù àti ẹ̀yà adíwọ̀n tí wọ́n yọ, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì fi í sábẹ́ ìjókòó.