Pẹpẹ Ìwé Kan fún Àwọn Obìnrin Àgbádárìgì

Bí ènìyàn bá ń rìn ní Peckham, ní ìlú London, yóò máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tí ń ta iṣu àti pọ̀nmọ́ títí yóò fi gbàgbé pé òun kò sí nílé. Ní àdúgbò yìí ni mo ti yà sí ilé ìkàwé kan tí a ń pè ní Feminist Library, níbi tí wọ́n kó ìwé lórí ìtàn obìnrin àti ìjà fún ẹ̀tọ́ wọn jọ sí. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni ó gbé e ró. Ní 2016, díẹ̀ ló kù kí ó di aláìnílé nítorí owó ilé. Ní 2020 ni ó ṣílẹ̀kùn ní Peckham.

Ìwé ibẹ̀ lé ní 7,000, ṣùgbọ́n ìwé ìléwọ́ àti ìkéde ìpàdé ni ó dá mi dúró jù. Bí ó bá ṣe ọ̀dọ̀ wa ni, àkàrà ni à bá ti fi wọ́n dì.

Sojourner Truth ni orúkọ ilé tí ó wà. Ẹrú ni wọ́n bí obìnrin yìí ní ìpínlẹ̀ New York. Ó sá kúrò lóko ẹrú ní 1826, ó sì ń jà fún òmìnira ẹrú àti ẹ̀tọ́ obìnrin títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 1883. Orúkọ náà ni ó gbé ọkàn mi padà sí Àgbádárìgì tí mo ti ń kọ́ni, nítorí pé ní ìgbà ayé rẹ̀ náà ni Ẹfúnróyè Tinúbú ń ṣòwò ní etíkun tiwa. Ó fẹ́ Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé wá síbẹ̀. Iyọ̀, tábà àti ẹrú ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ó kú ní 1887.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. A máa ń yin akọni yìí ní kíláàsì, a sì máa ń sáré kọjá lórí ẹrú. Ìlú tí ó ní ọjà ẹrú Vlekete kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ ìwé àwọn obìnrin tí mo ń fẹ́ ní Àgbádárìgì gbọ́dọ̀ gba Tinúbú tòun ti ẹ̀bi rẹ̀, kó sì gba àwọn obìnrin tí ó tà, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Ṣé òyìnbó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́? Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó dá ibùdó WORDOC sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti ṣèwádìí nípa obìnrin kí wọ́n sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn.

A kò nílò ilé ńlá. Igun kan nínú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ ti tó. Ìwé tí Ọládìpọ̀ Yémítàn kọ nípa Tinúbú, tí ó jáde ní 1987, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni kí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àjákọ lọ bá àwọn ìyá àgbà yín, Ògù àti Yorùbá, àwọn tí ń yan ẹja àti àwọn tí ń ṣe òróró àgbọn. Ẹ bi wọ́n léèrè: kí ni ẹ kọ́kọ́ tà láyé yín, ta ni ó kọ́ yín, ta ni ó sì ń gba owó rẹ̀?