Téṣàn Dùgbẹ̀ Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Lásán

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwò ńlá Ìbàdàn ṣe ṣí kúrò lápá Ọjà Ọba, kó lọ wo téṣàn rélùwéè Dùgbẹ̀. Lọ́dún 1901 ni ọ̀nà irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Èkó ní 1896 ṣí fún èrò dé ìlú wa. Àwọn òyìnbó kò mú un dé ìdí ọjà tí Ìbàdàn ti ń ná láti ayé Baṣọ̀run Olúyọ̀lé. Ìhà ìwọ̀ oòrùn, níta ìlú, ni wọ́n fi téṣàn sí.

Owó tẹ̀lé irin lọ. Àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó bíi John Holt, UAC àti SCOA kọ́lé ìtajà sí Gbági, nítòsí téṣàn. Àwọn àlejò láti Èkó kún Èkótẹ̀dó. Ní 1916 àwọn Hausa tẹ̀dó sí Sábó. Kòkó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, aṣọ àti iyọ̀ ń gòkè bọ̀. Nígbà tó di 1937, wọ́n ti ń ṣe sìgá n'Íbàdàn. Alágbàrù, akọ̀wé, awakọ̀ àti àwọn tó ń tún irin ṣe ló gbé gbogbo èyí sórí. Wọ́n wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó yan iṣẹ́ lódì ní 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, tí owó oṣù kò sì tó ná. Orúkọ Michael Imoudu, aṣáájú òṣìṣẹ́ rélùwéè, ló kù lẹ́nu wa. Tiwọn ti pòórá.

Lóṣù kẹfà 2021, Ààrẹ Buhari ṣí irin tuntun, kìlómítà 157 láti Èkó. Mọ́níyà, ní Akínyẹlé, ló parí sí. Inú mi dùn sí irin náà, ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni èèyàn fi ń ti Ọjà Ọba dé Dùgbẹ̀. Ta ló lè fẹsẹ̀ rin dé Mọ́níyà? Ìyá tó fẹ́ lọ rajà l'Ékòó yóò wọ mọ́tò dé Òjòó, yóò tún wọ òmíràn, kó tó rí ọkọ̀ ojú irin. Ó ń mú èrè rẹ̀ san owó ọkọ̀.

Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Ọ̀yọ́ fi bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà láti Bẹẹrẹ gba Dùgbẹ̀ dé Mọ́níyà, kí àkókò rẹ̀ bá ti ọkọ̀ ojú irin mu. Kí wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún fọ́tò àti ìwé àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́. Àwọn tó ṣì wà láyé ti darúgbó. Kí wọ́n tètè gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀.