Ẹ Má Fa Wáyà Rẹ̀ Yọ
Inú ń bí mi sí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fa wáyà ẹ̀rọ tó ń tani lólobó gáàsì yọ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí nírìn-àjò, torí pé ó ń ké lóru. Gáàsì propane tí wọ́n ń lò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ń wà nísàlẹ̀ ògiri. Tó bá ké, ẹ má ṣáná, ẹ jáde, ẹ ti ẹnu sílíńdà pa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ páìpù láti mọ̀ bóyá gáàsì ń jò. Bí kò bá hó rárá, ìgbà yẹn la tó lè fura sí bátìrì tí iná rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí sípíréè irun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Ẹ tún wo déètì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà: ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọdún 5 sí 7 lọ.