Ẹ Palẹ̀ Iṣẹ́ Mọ́ Kí Òtútù Tó Dé

Bí ewé igi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù ní Toronto, ohun tí ó máa ń gba ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lọ́kàn ni bí wọn yóò ṣe sáré parí iṣẹ́ kí yìnyín tó dé. Èrò tèmi yàtọ̀. Pípalẹ̀ ibi ìkọ́lé àti ẹ̀rọ mọ́ ni ó yẹ kí a fi ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ṣe, kí a sì jáwọ́ nínú eré àsápajúdé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òtútù ń ṣe. Omi tí ó bá dì a máa fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìpín 9 nínú 100. Nítorí náà, omi díẹ̀ tí a gbàgbé sínú páìpù tàbí ẹ̀rọ tí ń fa omi lè la irin rẹ̀. Bí kọnkéré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà bá dì kí ó tó gan, agbára rẹ̀ kò ní pé mọ́. Ní gúúsù Ontario, a máa ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn tó nǹkan bíi mítà 1.2 kí òtútù má bàa dé abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kòtò ìpìlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ilẹ̀ yóò dì, yóò wú, yóò sì gbé ìpìlẹ̀ náà sókè. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mélòó mélòó wá ni ìrì tí ó dì!

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ fa omi inú páìpù àti ẹ̀rọ gbẹ. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ìbora bo ìpìlẹ̀. Ẹ rọ dísẹ́ẹ̀lì ìgbà òtútù sínú katakátà, nítorí pé ti ìgbà ooru a máa ki bí òrí. Ẹ tú bátìrì lọ sí ibi tí kò tutù púpọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, kí ẹ sì tì í pa. Yìnyín a máa bo kòtò mọ́lẹ̀, ọmọdé tí ń ṣeré kò sì ní mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé owó ni a wá wá, àti pé ọjọ́ tí a fi palẹ̀ mọ́ kò mówó wọlé. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ rántí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọdún 2009, ní Toronto. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà wà lórí pèpéle kan tí a so rọ̀ mọ́ ara ilé gíga, okùn ààbò méjì péré ni ó sì wà níbẹ̀. Pèpéle náà já: mẹ́rin kú, ọ̀kan fara pa yánnayànna. Àjèjì bíi tiwa ni àwọn tí ó kú. Ilé ẹjọ́ gbọ́ pé wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn 50,000 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ náà bí iṣẹ́ bá parí kí ọdún tó parí. Ní ọdún 2016, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ààbọ̀ fún alábòójútó iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá tí ẹ jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹ ṣírò owó ìpalẹ̀mọ́ mọ́ iye tí ẹ ń bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ sọ fún un pé òfin Ontario fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ iṣẹ́ tí ó léwu. Kò sí ẹni tí kò mọ oṣù tí òtútù ń dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.