Èdè Wo Ni A Ó Fi Sọ̀rọ̀ Ère?

Ẹnu oníkàn la ti í gbọ́ pọ̀ún. Ní ọdún 2019 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà Yemisi Shyllon ní Pan-Atlantic University, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ìpínlẹ̀ Èkó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú fásitì kì í ṣe àká ère lásán. Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ fún gbogbo ènìyàn ni. Èdè wo wá ni a ó fi sọ̀rọ̀ ère Yorùbá níbẹ̀?

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún lámèyítọ́ ọnà. Irọ́ gbáà ni! Nígbà tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, Robert Farris Thompson, béèrè ohun tó ń mú ère dára lọ́wọ́ àwọn ará ìlú wa, wọ́n dárúkọ jíjọra, kí ère jọ ènìyàn níwọ̀nba. Dídán, kí ara rẹ̀ máa dán. Gígún, kí ó dúró ṣánṣán. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Ohun tí àlejò wá kọ́ lọ́dọ̀ wa, ṣé àwa ni yóò gbàgbé rẹ̀?

N kò ní kí a lé Gẹ̀ẹ́sì jáde; kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ló gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí a ya àpérò kan sọ́tọ̀ fún Yorùbá ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ògbufọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a béèrè fún un. Bí agbẹ́gilére kò bá gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àpérò ta ni à ń ṣe?